Ta ló ni Château d'Yquem? Bí oko àjàrà ìdílé kan ṣe bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá

Tí ẹ bá gbé ìgò wáìnì Château d'Yquem méjì síwájú, tí ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 1967, tí èkejì jẹ́ ti àìpẹ́ yìí, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ orúkọ oko náà kò dọ́gba. Ti 1967 gbé orúkọ ìdílé kan: Lur-Saluces. Ti ìsinsìnyí kọ Sauternes, ìyẹn àdúgbò tí oko náà wà. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wáìnì pé ta ló ni ín. Ẹnì kan á ní ìdílé kan ṣoṣo ló ni ín láti irinwó ọdún. Ẹlòmíràn á ní ó tì o, àwọn tó ni Louis Vuitton ló ni ín. Ẹni tó ti ka ìtàn díẹ̀ á sì sọ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ni ín. Kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú wọn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé orúkọ tó wà lára ìgò, ẹni tó ń pàṣẹ nínú oko, àti ẹni tí ìpín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lábẹ́ òfin Faransé. Ìdílé kan ló di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní Yquem, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ oko náà. Sauternes wà ní ẹkùn Gironde, nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ìlú Bordeaux. Orí òkè kékeré kan ni Yquem wà, ilẹ̀ tí wọ́n gbin àjàrà sí níbẹ̀ sì tó nǹkan bíi hẹ́kítà 100. Oríṣi àjàrà funfun méjì ló wà ńbẹ̀: sémillon ló pọ̀ jù, sauvignon blanc ló tẹ̀ lé e. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ Ciron, tí omi rẹ̀ tutù, ń ṣàn wọ inú odò Garonne nítòsí ibẹ̀. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, ìkùukùu á bo oko láàárọ̀, oòrùn á là lọ́sàn-án. Àsìkò yẹn ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis cinerea máa ń mú èso àjàrà. Èso náà á bu, á hunjọ, omi inú rẹ̀ á gbẹ, ṣúgà inú rẹ̀ á wá ki. Èso tí ẹlòmíràn á dà nù yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì dídùn tí gbogbo ayé ń wá kiri. Kì í mú gbogbo èso lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn tó ń ká a á máa padà wọ oko léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á ṣa èyí tó ti bu dáadáa, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí igi àjàrà kan ń mú wá kò ju nǹkan bí ife wáìnì kan lọ. Ọdún tí ojú ọjọ́ bá sì bà á jẹ́, wọn kì í gbé Yquem jáde rárá. Kò sí Yquem ti 1972, kò sí ti 1974, kò sí ti 1992, kò sí ti 2012.

Mo ń sọ èyí nítorí pé a máa nílò rẹ̀ tí a bá dé ibi tí owó ti dá ìjà sílẹ̀. Láyé ìdílé Lur-Saluces, wáìnì yìí máa ń lo ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ nínú àgbá igi kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Oko tí ohun tí wọ́n ká lónìí kò lè di owó títí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó sì lè lo odidi ọdún kan láìní nǹkan tó máa tà, kì í ṣe oko tí ẹni tó ń kánjú owó lè fọkàn balẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì kò le. Ní 1152, Eleanor, obìnrin tó jogún gbogbo ilẹ̀ Aquitaine, fẹ́ Henry, ẹni tó di ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1154. Bí ẹkùn Bordeaux ṣe bọ́ sábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún nìyẹn, Yquem sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ogun Castillon parí ní 1453, tí Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀, ilẹ̀ náà di ti adé Faransé.

Ọdún 1593 ni ìtàn ìdílé bẹ̀rẹ̀. Jacques Sauvage, ọmọ ìdílé kan tó lẹ́nu ní àdúgbò náà, gba Yquem lọ́wọ́ adé. Àmọ́ kò rà á o. Ẹ̀tọ́ láti máa lò ó ni wọ́n fún un, bí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ó tó 1711 kí Léon de Sauvage, àtọmọdọ́mọ rẹ̀, tó ra ilẹ̀ náà di tirẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ọba Louis Kẹrìnlá. Nítorí náà, àwọn tó ń ka irinwó ọdún, ọjọ́ tí ìdílé náà wọ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ra á. Méjèèjì ló tọ̀nà, bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti sọ èyí tó ń kà.

Ìdílé Sauvage ló bẹ̀rẹ̀, ìdílé Lur-Saluces ló parí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á rò pé wọ́n tà á fún àwọn mìíràn láàárín. Wọn kò tà á. Obìnrin ló gbé e kọjá. Ní 1785, Françoise-Joséphine de Sauvage d'Yquem, ọmọ ọdún 17, tó jẹ́ òun ni ogún náà já mọ́ lọ́wọ́, fẹ́ Comte Louis-Amédée de Lur-Saluces, ọmọ tí ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ṣe bàbá ìsàmì fún. Àwọn ọmọ wọn jẹ́ orúkọ bàbá, oko sì tọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn láti 1593, orúkọ ló yí padà. Kódà orúkọ Lur-Saluces fúnra rẹ̀, ìgbéyàwó ló so ó pọ̀: ìdílé Lur fẹ́ ọmọ ìdílé Saluces. Ìgbéyàwó mìíràn ni ìdílé Lur fi ní oko Fargues ní 1472, oko kan tí kò jìnnà sí Yquem. Ẹ fi Fargues yìí sọ́kàn.

Obìnrin tí mo dárúkọ yìí, Joséphine, ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Yquem. Ní 1787, Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Paris nígbà náà, rìnrìn àjò dé Bordeaux, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kọ lẹ́tà sí oko náà pé kí wọ́n fi ìgò 250 ti ọdún 1784 ránṣẹ́ sí òun. Nígbà tó padà sílé, ó tún ra á fún George Washington. Ọdún tó tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn, 1788, ẹṣin gbé ọkọ Joséphine ṣubú, ọkùnrin náà kú. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1789, àwọn ará Faransé dìde sí ọba, ìlú dojú dé. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀kùlú, wọ́n bẹ́ ọba lórí ní 1793. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti Joséphine mọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló jáde, ó sì jáde bá oko rẹ̀. Obìnrin opó, ọmọ ọ̀tọ̀kùlú, ní àkókò tí orúkọ bíi tirẹ̀ tó láti pààyàn. Ọ̀pọ̀ oko tó tóbi ju tirẹ̀ lọ ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1826, ó kọ́ ilé ìkówáìnì-sí tuntun sínú oko, ohun tí kò wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà, nítorí ọwọ́ àwọn oníṣòwò ní Bordeaux ni ọ̀pọ̀ oko máa ń fi wáìnì wọn sí kó tó gbó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú ṣáájú rẹ̀, òun náà kú ní 1851, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Romain-Bertrand de Lur-Saluces, sì gba àkóso.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux sí ipò ní 1855, Yquem nìkan ni wọ́n fi sí ipò Premier Cru Supérieur láàárín àwọn wáìnì Sauternes, lókè gbogbo àwọn tó kù. Ní 1859, Konstantin, àbúrò ọba Rọ́ṣíà, san 20,000 fránkì oníwúrà fún àgbá ńlá kan ti ọdún 1847. Ọ̀rọ̀ owó yìí tàn káàkiri Yúróòpù. Ẹni tó gbin igi náà ti wà ní sàréè.

Wàyí o, òfin. Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ṣáájú ọdún 1789, ọmọkùnrin àkọ́bí ọ̀tọ̀kùlú ló máa ń kó ilẹ̀ lọ, àwọn tó kù á lọ di sójà tàbí àlùfáà, àwọn ọmọbìnrin á gba owó ìgbéyàwó. Ìjọba tuntun fagi lé e. Ìwé òfin tí Napoleon gbé jáde ní 1804 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọgbọọgba ni gbogbo ọmọ: àkọ́bí, àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, obìnrin. Bàbá kò lè fi ìwé ìhágún sọ pé Táyé ló ni gbogbo rẹ̀, kí Kẹ́hìndé máa wò. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ló bí, ìdajì ohun ìní rẹ̀ ti di ti ọmọ yẹn, ìdajì yòókù ló lè fún ẹni tó bá wù ú. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ti di tiwọn. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Orí-ò-jorí ni, òfin ló sì ń pín in, kì í ṣe inú bàbá.

Nǹkan kejì nínú òfin náà ló wá ń fa wàhálà: kò sẹ́ni tí wọ́n lè fipá mú láti máa bá ẹlòmíràn ni ohun kan pọ̀ títí ayé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan; olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ pa ohùn pọ̀ kí wọ́n tó lè tà á, ẹni tó bá sì dá tà á, ilé ẹjọ́ lè da ọjà náà nù. Ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpín kálukú, ti kálukú ni. Ó lè ní òun fẹ́ kí wọ́n yọ tòun fún òun, tí wọn ò bá sì lè yọ ọ́, kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí òfin yìí ń ṣe sí ilẹ̀, kó wo ẹkùn Burgundy. Clos de Vougeot jẹ́ oko kan ṣoṣo tí ògiri yí ká, bíi hẹ́kítà 50, tí àwọn mọ́ńkì dá sílẹ̀. Lónìí, nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn ló ní in, kálukú pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Àwọn ará Bordeaux kò fẹ́ èyí, nítorí orúkọ oko ni wọ́n ń tà, orúkọ kò sì ṣeé gé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ oko di iléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ ló ni ilẹ̀, àwọn ọmọ ló ni ìpín nínú iléeṣẹ́. Tí bàbá bá kú, bébà ni wọ́n ń pín, ilẹ̀ á wà lódidi.

Ọgbọ́n tó dáa ni. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò. Tí ẹnì kan bá ni gbogbo ìpín, tó bí ọmọ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí mẹ́rin, tí àwọn yẹn náà bí mẹ́rin mẹ́rin, oko yẹn ti di ti èèyàn 64 láàárín ìran mẹ́ta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò ní ju nǹkan bí ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè máà gbé Bordeaux. Àwọn mìíràn lè máà wọ oko yẹn rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jí láago márùn-ún lọ wo ìkùukùu, ìpín rẹ̀ sì lè kéré ju ti ẹni tó ń gbé Paris, tó jẹ́ pé lẹ́tà lásán ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Kí owó orí tún wá kún un. Lórí bébà, ìpín kékeré nínú oko tó lókìkí báyìí tó láti sọni di olówó. Ní àpò, ó lè máà ju èrè táṣẹ́rẹ́ lọ, ní àwọn ọdún tí èrè bá wà. Ìjọba kò wo àpò, iye tó wà lórí bébà ló ń wò. Lónìí, ohun tí ìjọba Faransé ń gbà lórí ogún láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ lè gòkè dé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún tí ogún náà bá tóbi. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ló fi í sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò rẹ̀, ìdá 55 ni. Níbo ni ẹni tó jogún á ti rí i san? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rí i ni kí wọ́n tà nínú ìpín náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Yquem. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Marquis Bertrand de Lur-Saluces gba àkóso. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi wà níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n ogun lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ó gbógun ti àṣà dída ṣúgà sínú wáìnì, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé Yquem jáde ní ọdún tí kò bá dáa tó, àdánù owó ì báà pa á lára. Kò bímọ. Nígbà tó kú ní 1968, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kàn: Alexandre de Lur-Saluces, ẹni ọdún 34.

Ẹ̀gbọ́n Alexandre wà láyé, Eugène ni orúkọ rẹ̀. Eugène, tó jẹ́ àkọ́bí, ni ìpín rẹ̀ pọ̀ jù nínú oko náà, ó fi púpọ̀púpọ̀ ju ti Alexandre lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí mìíràn náà ní tiwọn. Alexandre ní èyí tó kéré. Àmọ́ Alexandre ló ń ṣe àkóso. Gbogbo ayé wáìnì, tí wọ́n bá ti ń sọ pé "ẹni tó ni Yquem", òun ni wọ́n ń wò. Òun ló ń gba àlejò, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé. Fún ọdún 28, ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ni ìpín jù kì í ṣe ẹnì kan náà, kò sì hàn sí ará ìta.

Kì í ṣe ìgbà tó rọrùn ló gbà á. Nígbà náà, àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mu wáìnì dídùn mọ́, ọ̀pọ̀ oko ní Sauternes ń jẹ gbèsè. Ọdún mẹ́rin péré ló lò tí 1972 fi dé tí kò sí wáìnì rárá, 1974 náà sì tún rí bẹ́ẹ̀. Ó fara dà á. Ó tún ilé ìtọ́jú wáìnì kọ́, ó gbẹ́ èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó di àárín ọdún 1980 sí 1990, ojú ọjọ́ ṣe dáadáa: 1983, 1986, 1988, 1989, 1990, àwọn ọdún tí àwọn amòye ṣì ń sọ títí di òní. Owó oko náà ga. Lọ́jọ́ tí owó rẹ̀ ga yẹn ni ewu dé, nítorí pé bébà tí mọ̀lẹ́bí mú lọ́wọ́ láti ọdún gbọọrọ wá di ohun tí ẹni tó lówó lè fẹ́ rà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, LVMH kéde pé òun ti ra ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún Yquem. LVMH ni iléeṣẹ́ Bernard Arnault, òun ló ni Louis Vuitton, Moët, Hennessy. Eugène àti àwọn mọ̀lẹ́bí mìíràn ló ta tiwọn. Alexandre kò fọwọ́ sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé ọjà náà kò tọ̀nà, ẹjọ́ náà sì fà fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Ìwé ìròyìn gbé e bí ìjà ọmọ ìyá méjì, bí ìjà àṣà àtijọ́ pẹ̀lú owó ńlá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn: àkóso oko bọ́ sọ́wọ́ LVMH, Alexandre ní tirẹ̀ á máa darí rẹ̀ lọ. Ó darí rẹ̀ títí di 2004, nígbà tí Pierre Lurton, tó ti ń ṣe alábòójútó Château Cheval Blanc, oko àjàrà mìíràn ní ẹkùn Bordeaux, gba ipò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ Eugène di ọ̀dàlẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó tà, tirẹ̀ ni, òfin sì fún un láyè. Ẹni tó ti dàgbà, tó mọ̀ pé tí òun bá kú, àwọn ọmọ òun á jókòó ti owó orí tí kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí i san, kò burú kó ronú tiwọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ta kékeré tiwọn náà ti fi ìran púpọ̀ dúró ti oko tí kì í tètè mówó wá. Síbẹ̀, ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ òógùn Alexandre sí. Ọdún 28 tó fi jí, tó fi ṣọ́ èso, tó fi kọ̀ láti ta ohun tí kò dáa, ìyẹn ló sọ ìpín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ohun tí olówó ń wá. Òfin tó pín ogún lọ́gbọọgba láàárín àwọn ọmọ kò ní ìwọ̀n tó fi ń wọn iṣẹ́ ẹni tó dúró nídìí ogún. Tó bá jẹ́ pé láti 1968 ni wọ́n ti jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ mọ̀lẹ́bí, kí wọ́n sì máa ya owó sọ́tọ̀ láti fi ra ìpín ẹni tó bá fẹ́ jáde, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá gba ibòmíràn.

Ibi tí Alexandre lọ ni Fargues, oko tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ilé ńlá tó wà níbẹ̀ ti jóná láti 1687, ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Oko náà kéré gan-an sí Yquem, ṣùgbọ́n kò tíì jáde kúrò lọ́wọ́ ìdílé Lur láti 1472. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe wáìnì dídùn ní irú ọ̀nà tó fi ń ṣe ti Yquem, títí tó fi jáde láyé ní 2023. Philippe, ọmọ rẹ̀, ló ń darí rẹ̀ báyìí. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní ìdílé Lur-Saluces ti kúrò nídìí wáìnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Yquem ni wọ́n fi sílẹ̀.

Kì í ṣe Yquem nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Cheval Blanc tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìdílé kan náà ló ni ín láti 1832, tí àwọn ajogún fi pọ̀ títí. Bernard Arnault àti Albert Frère ará Bẹ́ljíọ̀mù ra á ní 1998, nígbà tí ẹjọ́ Yquem ṣì wà nílẹ̀.

Rothschild, orúkọ ìdílé olówó kan, ni ó tún máa ń da èèyàn rú jù lẹ́yìn Yquem. Oko méjì ló ń jẹ́ orúkọ náà ní Pauillac, àdúgbò kan ní ẹkùn Bordeaux, ọ̀pọ̀ sì rò pé onílé kan náà ló ni wọ́n. Nathaniel, ti ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù, ló ra Mouton ní 1853. James, ti ẹ̀ka Paris, ló ra Lafite ní 1868, tó sì kú ní ọdún yẹn gan-an, tí ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta fi jogún rẹ̀. James yìí ni àbúrò bàbá Nathaniel, òun náà tún ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àmọ́ oko ọ̀tọ̀, ìwé ọ̀tọ̀, ogún ọ̀tọ̀, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n. Nígbà tí Philippine de Rothschild kú ní 2014, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló jogún Mouton, wọ́n sì dì í mú pọ̀.

Château Margaux, oko mìíràn ní ẹkùn Bordeaux, fi hàn pé ohun tó jáde lè padà wọlé. André Mentzelopoulos, ọmọ Gíríìsì tó ń ṣòwò ní ilẹ̀ Faransé, ra á ní 1977. Ó kú ní 1980, Corinne ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sídìí rẹ̀ ní kékeré. Ìdílé Agnelli, àwọn tó ni Fiat, ní ìpín ńlá nínú rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, àmọ́ ní 2003, nígbà tí wọ́n fẹ́ tà, Corinne ra gbogbo rẹ̀ padà.

Ọ̀nà kan wà báyìí tí kò sí lọ́wọ́ àwọn Lur-Saluces ní 1996. Láti 2003, òfin kan tí wọ́n ń fi orúkọ mínísítà Dutreil pè ti jẹ́ kí àwọn ajogún iléeṣẹ́ ìdílé gba ìdẹ̀rùn ńlá lórí owó orí: lónìí, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìpín náà kò ní wọ inú ìṣirò. Àmọ́ àwọn onípìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pọ̀ pé àwọn kò ní tà á fún ọdún mélòó kan, kí ọ̀kan lára wọn sì máa darí iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ oko ní Bordeaux ti lò ó. Wọ́n á ní kí agbẹjọ́rò kọ ìwé náà nígbà tí òbí ṣì wà láyé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpín lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ̀lẹ́bí ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá ta tirẹ̀ kí ọdún tí wọ́n dá tó pé, ìjọba á padà wá gba owó orí tó yọ lórí rẹ̀.